Dùùrù Àtijọ́ Nínú Kọ̀mpútà Tuntun

Ọjọ́ tí nǹkan yìí mú mi, orí àpótí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mo jókòó sí, nínú yàrá tí Bùrọ̀dá Wálé fi ṣe ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní Ìta-Ẹ̀kọ, ní Abẹ́òkúta. Ìyá mi ló wà nídìí makirofóònù. Òun ni ìyá akọrin ìjọ wa, ìjọ Aládùúrà, aláṣọ funfun. Orin mọ́kànlá ni a fẹ́ gbà sílẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n sì fún un lójú ẹ̀mí. Bùrọ̀dá Wálé fi kọ̀mpútà lu dùùrù. Ó dún geere, ó mọ́ tónítóní bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìyá mi kọ ìlà kan, ó dákẹ́.

"Wálé, dùùrù yìí ò mọ̀ mí."

"Mummy, ohùn yín ò tíì gbóná ni."

"Ohùn mi ti gbóná láti àárọ̀. Dùùrù ẹ ni ò mọ̀ mí."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Dùùrù àfẹsẹ̀tẹ̀ kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ìjọ mìíràn fi ta wá lọ́rẹ nígbà tí wọ́n ra tuntun. Eku ti jẹ awọ rẹ̀, ọ̀rinrin ti wọ inú irin rẹ̀, kò sí ohùn kan nínú rẹ̀ tó dúró síbi tó yẹ kó dúró. Òmíràn lọ sílẹ̀ púpọ̀, òmíràn lọ sílẹ̀ díẹ̀, ọ̀kan tilẹ̀ gòkè. Ogún ọdún ni ìyá mi fi bá a kọrin. Ibi tí dùùrù náà tẹ̀ sí ni ohùn tirẹ̀ náà tẹ̀ sí.

Bùrọ̀dá Wálé pòṣé, ó ṣí fèrèsé plugin tó ń lò. Ètò kékeré ni plugin, tí a máa ń fi sínú ètò ńlá tí a fi ń ṣe orin. Ètò ńlá ni ilé. Plugin ni àlejò tó gbé ohun èlò tirẹ̀ wá. Nínú fèrèsé dùùrù yìí, ọ̀pá kéékèèké méjìlá ló tò lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ohùn kọ̀ọ̀kan. Ó mú ọ̀pá ohùn tí a ń pè ní fà nínú dò-rè-mì, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, ó tún un lù.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo gbọ́. Páànù tó ń jò, bẹ́ǹṣì tó ń ró, òórùn àbẹ́là, gbogbo rẹ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ tí kò tóbi ju búrẹ́dì lọ.

"Bùrọ̀dá, ẹ dìde," ni mo wí.

"Kí n dìde lọ síbo?"

"Ẹ dìde níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jókòó."

Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta gbáko ni mo fi fa ọ̀pá mọ́kànlá tó kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí mo ń gbọ́ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì létí kan, tí mo ń gbọ́ ti kọ̀mpútà létí kejì. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ìwé ìtọ́nisọ́nà ni mo ń kà bí ẹni ń ka Bíbélì. Nígbà tí mo parí, ìyá mi kọ orin mọ́kànlá náà láàárín ọjọ́ méjì. N kò kọ iye tí mo fa ọ̀pá wọ̀nyẹn sí sílẹ̀. Ta ló ń kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà gbàgbé?

*

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún ìyá mi. Ó yè, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò padà. Bó bá ń sọ̀rọ̀ báyìí, bí ẹni ń fẹ́ iná ni. Àwọn àgbà ìjọ ti tú dùùrù àfẹsẹ̀tẹ̀ náà, wọ́n ti ta irin rẹ̀ fún àwọn tó ń ra àlòkù. Ibi kan ṣoṣo tó kù tí ohùn ìyá mi àti dùùrù yẹn ti jọ wà ni inú kọ̀mpútà alágbèéká mi, tí mo kó gbogbo iṣẹ́ náà sí.

N kò ní sọ bí mo ṣe dé London. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa gbà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti ìrọ̀lẹ́ tí ìjọ wá gbàdúrà ìrìnàjò fún mi. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kó dání ni wọ́n ní kí n tò síwájú pẹpẹ: ìwé ìrìnnà, ẹ̀wù òtútù, bàtà, kọ̀mpútà. Wòlíì àgbà bu omi ìyàsímímọ́, ó wọ́n ìwé ìrìnnà, ó wọ́n bàtà. Nígbà tó kan kọ̀mpútà, ìyá kan ké láti ẹ̀yìn:

"Bàbá, èyí ló máa bọ́ ọ lọ́hùn-ún o! Ẹ má ṣahun sí i!"

Bàbá gbọ́. Ó da gbogbo ìyókù inú abọ́ omi náà lé e lórí.

Mo ṣe àmín. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Wọn kì í nu àdúrà nù. Omi náà wọ inú bọ́tìnnì rẹ̀ lọ, nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, kọ̀mpútà ti kú. Mo wá screwdriver, mo yọ hard drive inú rẹ̀, páálí ìpamọ́ tí gbogbo iṣẹ́ mi wà, mo fi ọ̀rá wé e, mo fi sínú ìbọ̀sẹ̀. Ìjọ tó lè fi ìbùkún pa kọ̀mpútà, tiwa nìkan ni mo mọ̀.

*

Yàrá tí mo rí wà ní Connaught Estate ní Woolwich, nínú fúláàtì Auntie Fúnkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ti lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nílùú yìí tí kò sì tíì dárí rẹ̀ ji ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo wá ra kọ̀mpútà tuntun, ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyí:

"Ẹ̀yin tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí, heater lẹ máa ń fi ṣeré."

"Auntie, n kò tan heater, ma."

"Kí ló wá ń gbóná lára ògiri?"

"Kọ̀mpútà ni, ma. Ó ń ṣiṣẹ́."

"Kọ̀mpútà wo ló ń gbóná bí ìyàwó ojú ọ̀nà? Pa á, jàre."

Ohun àkọ́kọ́ tó bà mí lẹ́rù kì í ṣe òtútù. Bí ènìyàn ṣe lè jókòó tini nínú bọ́ọ̀sì kí orúnkún yín kanra, kó má sì wò yín, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ní Abẹ́òkúta, bí ẹnikẹ́ni bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ, ìjà ni. Níbí, wọ́n ní ìwà ọmọlúàbí ni. Mo ń kí àwọn aládùúgbò mi fún oṣù méjì kí ọ̀kan tó dá mi lóhùn, ohun tó sì sọ ni pé ṣé èmi ni mo ń gbé ike ìdọ̀tí síwájú ilẹ̀kùn òun.

Mo rí ìjọ wa kan ní Thamesmead East, nínú ilé ìtajà ńlá aláìlájà kan, láàárín àwọn tó ń pààrọ̀ táyà àti àwọn tó ń tọ́jú ẹja yìnyín. Aládùúrà kì í wọ bàtà nílé Olúwa. Ní ilé, ìrọ̀rùn ni. Ní Thamesmead, ní oṣù Kìíní, lórí kankéré, ìjìyà ni. Ẹsẹ̀ mi kú láti ọmọ ìka títí dé kókósẹ̀, mo sì dúró, nítorí gbogbo ẹni tó yí mi ká dúró. Bí mo bá sọ pé mo nímọ̀lára ìdílé lọ́jọ́ yẹn, irọ́ ni. Mo nímọ̀lára kankéré.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe, láti ilé dé ilé. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá òyìnbó kan, ń gbé nítòsí bárékè ńlá tó dojú kọ Woolwich Common. Ó ti fun fèrè rí nínú ẹgbẹ́ olórin àwọn ológun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń fi ìbọ̀sẹ̀ wọ̀ ọ́, mo sì ń kùn sínú, orin kẹta ti ìyá mi. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ọlọ́pàá ojú pópó.

"Ohùn rẹ lọ sílẹ̀ jù," ó ní.

Ó na ọwọ́ sínú àpótí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó fa irin ẹlẹ́ka-méjì kan jáde, èyí tí wọ́n fi ń mú ohùn, ó gbá a mọ́ tábìlì. Ó dún. "Èyí ni là. Gbogbo ayé ló ti fọwọ́ sí i."

Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ kejì wá.

Nínú bọ́ọ̀sì ni ìbínú náà tó wá dé. Ta ni gbogbo ayé? Nígbà tí gbogbo ayé ń fọwọ́ sí i, ta ló wá pe ìyá mi? Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kò parọ́. Nípa òṣùwọ̀n tirẹ̀, mo lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Ibi gbogbo tí mo dé nílùú yìí, irin kan wà nínú àpótí ẹnì kan tí wọ́n fẹ́ gbá mọ́ tábìlì fún mi: bí mo ṣe ń pe orúkọ òpópónà, bí mo ṣe ń dúró lórí ìlà, bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín nínú fóònù. Wọn kì í bú ọ. Wọ́n kàn ń fi là hàn ọ́.

*

Mo ṣiṣẹ́ àfikún títí mo fi ra kọ̀mpútà tuntun. Mo fi ètò orin tuntun sí i, mo so páálí ìpamọ́ mi mọ́ ọn, mo ṣí orin àkọ́kọ́. Ohùn ìyá mi jáde gbangba, nítorí ohùn ènìyàn, bí a ṣe gbà á sílẹ̀ náà ló wà. Ṣùgbọ́n kò sí dùùrù. Dùùrù kì í ṣe ohùn tí a gbà sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ ibi tí a tẹ̀ lásán ni, plugin ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ohùn lójú ẹsẹ̀. Ètò tuntun kọ ọ́ sójú mi pé òun kò rí plugin náà, ó sì béèrè bóyá kí òun yọ ọ́ kúrò.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ètò tuntun, èdè kọ̀mpútà tuntun tí wọ́n ń pè ní bit mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló gbọ́. Plugin mi kò gbọ́ ju bit méjìlélọ́gbọ̀n lọ. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Kò sí ohun tó sọnù nínú rẹ̀. Wọ́n kàn wo ìwé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kó padà. Ẹni tó ṣe é sì ti pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé tipẹ́, kò sí ẹni tó máa bá a ṣe ìwé tuntun.

Mo gbìyànjú láti fi etí wá ohùn méjèèjìlá pẹ̀lú dùùrù mìíràn. Mo rí bí mẹ́rin tó dá mi lójú. Ìyókù, ìrántí ń tàn mí. Mo bá kọ ẹjọ́ mi sórí ìkànnì àwọn tó ń ṣe orin. Ẹnì kan ní kí n sin òkú. Ẹnì kejì ní tuntun pọ̀ lọ́jà. Ẹnì kẹta béèrè bóyá iná ti dé orílẹ̀-èdè mi. Mo dá ẹni kẹta lóhùn. Wọ́n lé mi kúrò níbẹ̀ fún ọjọ́ méje.

*

Mo ṣe àṣìṣe kan: mo fún Tóbi ní ohùn ìyá mi. Tóbi ni olórí akọrin ìjọ wa ní Thamesmead, Plumstead ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni èmi, ṣùgbọ́n "ìwọ" ni mo jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìjọ fẹ́ ṣe àwo orin fún àjọ̀dún, wọ́n sì fẹ́ kó àwọn orin ìyá mi sínú rẹ̀. Inú mi dùn nígbà náà.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, níbi ìdánrawò, ó pè mí síwájú gbogbo akọrin.

"Sis, wá gbọ́. I fixed it."

Ó tẹ̀ ẹ́. Dùùrù tuntun tó ń dán gbinrin. Lórí rẹ̀, ohùn kan. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni, èémí ìyá mi ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹ̀rọ fa gbogbo ohùn náà dúró ṣánṣán, bí ẹni fi áyọ́ọ̀nù lọ ojú ènìyàn.

"Kí lo ṣe sí ohùn ìyá mi?"

"I tuned it. Gbogbo ẹ̀ ló flat. Like, gbogbo ẹ̀."

"Kò lọ sílẹ̀."

"Sis, machine ò kí ń parọ́. Wo screen."

Ẹnì kan láàárín àwọn olóhùn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. "Sister, Mummy yín náà lè ṣàṣìṣe, now. Ṣé áńgẹ́lì ni wọ́n ni?"

"Ohùn ẹ gan-an ló yẹ kó o lọ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀," ni mo dá a lóhùn, "tó dà bí ìlẹ̀kùn fíríìjì."

Wọ́n hó. Mummy Ṣọlá, ìyá ìjọ, ẹni àádọ́rin ọdún, dìde lórí àga. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má bà mí nínú jẹ́. Sister, orin yìí dùn báyìí. Kí ló kù tẹ́ẹ fẹ́?"

"Mummy, orin ẹ̀mí ni, ma. Ẹni tí wọ́n fún ló mọ bí wọ́n ṣe fún un. Ṣé a máa ń tún un ṣe?"

Òfin ni láàárín wa. Orin tí a gbà lójú ẹ̀mí, a kì í yí i, kódà bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá yé wa. Mummy Ṣọlá yíjú sí Tóbi. Tóbi wo ilẹ̀, ó tún wò mí.

"Okay. Dùùrù wo ló bá ohùn yẹn mu? Mú u wá. Pẹ̀lú tèmi, flat ni. Pẹ̀lú ti gbogbo èèyàn, flat ni. Next Sunday kọ́, Sunday tó tẹ̀lé e, mo máa fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́. Tí o bá rí dùùrù ẹ, mo máa lò ó. Tí o ò bá rí i, tèmi ló ń lọ."

"Mummy, ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni Mummy Ṣọlá wí. "Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ lọ wá a."

*

Ọ̀rọ̀ náà wá yé mi kedere. Ìyá mi kò lè kọ orin mọ́. Bí àwo yẹn bá jáde báyìí, ohùn tí ẹ̀rọ lọ̀ yẹn ni àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ máa mọ̀.

Mo rí ohun tí wọ́n ń pè ní ètò afárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé plugin àtijọ́ jókòó sí yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó wá máa gbé ohùn lọ, kó máa gbé ohùn bọ̀, láàárín òun àti ètò ńlá. Ó ń wọ aṣọ bit mẹ́rìnlélọ́gọ́ta fún un, ṣùgbọ́n kì í yí orúkọ rẹ̀ inú lọ́hùn-ún padà. Lẹ́tà mẹ́rin ni orúkọ yẹn, òun ni orin àtijọ́ fi ń wá plugin tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà tuntun plugin kan kò fi lè rọ́pò àtijọ́: orúkọ inú ti yàtọ̀. Àwọn tó ń sọ pé kí n ra tuntun kò mọ èyí, ẹnu wọn sì mú tó bẹ́ẹ̀.

Mo gbé afárá kalẹ̀, mo ṣí orin àkọ́kọ́. Ètò ńlá rí plugin. Mo pariwo. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ pa dé, fàù, bí ẹni fa wáyà.

Mo ní ìwé kékeré kan. Gbogbo ìgbà tó bá kú, mo ń kọ ọ́: ohun tí mo yí, ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni n kì í lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, ó kú lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ọjọ́bọ̀, ó kú lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ìyá mi pè láàárín rẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?" Ohùn bí ẹni fẹ́ iná.

"Mo ti jẹun, ma."

"Irọ́ lò ń pa. Kí lò ń ṣe?"

N kò sọ fún un nípa Tóbi. Mo ní, "Mò ń wá dùùrù wa."

"Dùùrù wo? Tí wọ́n ti tà?" Ó wúkọ́ pẹ́. "Ọmọ yìí, òyìnbó ò ní dùùrù ni?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì, ó kù ọjọ́ márùn-ún. Auntie Fúnkẹ́ ń kan ògiri nítorí pé dùùrù ń ké kúró kúró. Mo fẹ́ pariwo sí i pé kí ó jẹ́ kó ké. Ibẹ̀ ni mo ti dákẹ́. Kúró wo? Bí plugin bá ti kú, kí ló ń ké? Mo tún ṣí i, mo fi etí sílẹ̀, n kò wo ojú kọ̀mpútà. Ohùn kan jáde, ó tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí gbogbo rẹ̀ tó pa dé. Dùùrù wa ni!

Nígbà náà ni mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Dùùrù kọ́ ló ń pa ara rẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ ni. Ètò tuntun ní àṣà kan: bó bá ti gbé plugin wọlé, òun fúnra rẹ̀ á ṣí fèrèsé rẹ̀, èyí tí àwòrán ọ̀pá àti bọ́tìnnì wà nínú rẹ̀. Ojú kọ̀mpútà tuntun kò mọ bí a ti ń ya irú àwòrán yẹn mọ́. Ohùn ń lọ dáadáa. Àwòrán ló ń wó lé e lórí. Gbogbo ogún ìgbà yẹn, èmi náà ń wo fèrèsé, mo ń dúró dè é kí ó ṣí, bí ẹni pé láìsí fèrèsé kò sí ilé.

Mo lọ sínú ètò ńlá, mo wá ibi tí wọ́n ti ń sọ fún un pé kó máa ṣí fèrèsé plugin fúnra rẹ̀. Ojú ìwé kẹta, ìlà kejì láti ìsàlẹ̀. Mo yọ àmì rẹ̀. Mo ṣí orin àkọ́kọ́.

Kò kú. Mo tẹ̀ ẹ́.

N kò mọ iye ìgbà tí Auntie Fúnkẹ́ kan ògiri. Nígbà tó yá, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbọ́ orin náà dé òpin.

"Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì lo sọ ilé mi dà ni?"

"Ẹ má bínú, ma."

"Dín in kù." Ó lọ. N kò gbọ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì.

Iṣẹ́ kù. Láìsí fèrèsé, n kò rí ọ̀pá méjìlá náà. Ṣùgbọ́n gbogbo ètò ńlá ló ní àtòjọ gbẹrẹfu kan fún plugin, láìsí àwòrán, orúkọ àti nọ́ńbà nìkan. Ibẹ̀ ni mo bá wọn, méjèèjìlá, bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Láti òdo dé ení ni wọ́n kọ wọ́n, tí ìdajì jẹ́ àárín, nítorí náà mo yọ ìdajì, mo fi igba sọ ọ́ di púpọ̀, kí ó lè bọ́ sí sẹ́ǹtì. Sẹ́ǹtì ni a ń pe ìdá ọgọ́rùn-ún àlàfo tó wà láàárín ohùn kan àti èyí tó tẹ̀lé e. Fà: 0.295, ìyẹn ni pé ó lọ sílẹ̀ ní mọ́kànlélógójì. Sò: 0.47, ó lọ sílẹ̀ ní mẹ́fà péré. Là: 0.515, ó gòkè ní mẹ́ta. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ wọ́n sílẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì.

Afárá tún ń mú kí dùùrù pẹ́ dé. Mo wọ̀n ọ́n: 512 ìwọ̀n kéékèèké, nínú 44,100 tó wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, bíi mọ́kànlá àti ààbọ̀ nínú ẹgbẹ̀rún. Ẹlòmíràn kò ní gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ. Mo sún dùùrù síwájú ní 512 gééré, mo sì sọ ọ́ di ohùn gidi, kí ètò tuntun kankan má tún lè ní òun kò rí i.

*

Sátidé tó gbẹ̀yìn, mo mú orin mẹ́sàn-án lọ. Ẹsẹ̀ mi kò ní bàtà lórí kankéré. Tóbi fi ìgbọ́hùn sí etí, ó ṣí ẹ̀rọ tó fi ń wọn ohùn. Mo mọ̀ pé ibi tó ti máa bù mí jẹ ló ń wá.

"Ó ṣì dún weird, sis."

"Wọ̀n ọ́n."

Ó mú fà. Ohùn ìyá mi, lẹ́yìn náà dùùrù. Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Èló ni?" ni Mummy Ṣọlá béèrè láti orí àga.

"Two."

"Two kí ni? Sọ ọ́ kó yé mi."

"Two cents, Mummy. Kò tó nǹkan. Etí èèyàn ò lè gbọ́ ọ."

"Mú sò," ni mo wí.

"One."

"Là."

Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. "Zero." Ó yọ ìgbọ́hùn létí. "Okay."

"Okay kí ni?"

"Okay, kò flat. Ibòmíì ló wà."

Mo dúró de "ẹ jọ̀ọ́", mo dúró de "ẹ má bínú". Kò sí èyí tó jáde. Ó ń ka orin tí mo kó wá.

"Nine lo mú wá. Two kù. Ṣé kí n fi tèmi dí i?"

"Fọwọ́ kàn án wò."

"Sis, àwo máa ní àlàfo."

"Jẹ́ kó ní in."

Mummy Ṣọlá ní mẹ́sàn-án ló ń lọ. Tóbi pa àwọn tirẹ̀ rẹ́ níṣojú mi, ó ń tẹ bọ́tìnnì bí ẹni ń pa kòkòrò. Láti ọjọ́ yẹn, kì í kí mi, n kì í kí i. A jọ ń kọrin.

*

Mo fi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ránṣẹ́ sí ìyá mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi pè. Nígbà tó pè, kò dúpẹ́.

"Ẹni yẹn ń kánjú nínú orin karùn-ún."

"Ẹ̀yin ni, ma."

"Ṣé mo ní èmi kọ́ ni? Mo ní mò ń kánjú." Ó mí. "Dùùrù náà dára. Èwo ló kù?"

"Ìkẹrin àti ìkọkànlá, ma. Plugin mìíràn wà nínú wọn, èyí tó ń fún orin ní ìró gbọ̀ngàn ńlá. Òun náà, bit méjìlélọ́gbọ̀n ni, ó sì ń jẹ ìrántí kọ̀mpútà ju bí wọ́n ṣe gbà á láyè lọ."

"Ìkọkànlá ni mo fẹ́ràn jù. Kí ló dé tó ò kọ́kọ́ ṣe ìyẹn?"

Mo ní mà á ṣe é.

Lẹ́yìn ìpè yẹn, ìkẹrin ṣí, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo gbé plugin méjèèjì sí afárá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí oníkálukú máa jẹ ìrántí tirẹ̀. Ọ̀nà kan náà kò tó fún ìkọkànlá, nítorí ẹ̀dà ìró gbọ̀ngàn mẹ́rin ni mo kó sínú rẹ̀ nígbà tí mo ṣì ń fi agbára ṣeré. Mò ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wàá ti ṣí nínú mọ́kànlá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìkọkànlá dún fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà kó tó kú. Ní àná, mẹ́rìnlá.